Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Lọ́jọ́ Ẹtì

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Mike Tyson ni gbogbo ayé ń dúró dè. Ẹni ọdún 58 fẹ́ wọ ríìngì pẹ̀lú Jake Paul, ẹni ọdún 27, ní Arlington ní ìpínlẹ̀ Texas, Netflix sì fẹ́ gbé e sórí afẹ́fẹ́ káàkiri àgbáyé. Ráùndì mẹ́jọ ni wọ́n dá, ìṣẹ́jú méjì méjì. Lọ́jọ́ kan náà, ọmọ Ìbàdàn kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní gúúsù London ní ìjà tirẹ̀: ráùndì mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì méjì, nínú gbọ̀ngàn kan ní Kent. Kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ife kékeré kan ni ẹni tó bá borí máa gbé lọ sílé, ẹni tó bá pàdánù náà á sì gba tirẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn òbí ọmọ tó ń kọ́ lè rí ohun tí mo kọ. Tísà ni wọ́n ń pè é ní jíìmù, Tísà náà ni n óò máa pè é. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó ṣáájú ìrọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì fi aago tó wà lára àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù rẹ̀ tò ó.

5:10 àárọ̀

Kó tó fọ ẹnu, ó ti gorí òṣùwọ̀n tó wà ní balùwẹ̀. 71.6 ni òṣùwọ̀n kà. Kílò 71 ni wọ́n jọ fi àdéhùn sí. Kò mu omi. Ìyàwó rẹ̀ ò sí nílé, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ òru, ó di aago mẹ́jọ kó tó dé. Tísà wọ súwẹ́tà méjì léra wọn, ó fi jákẹ́ẹ̀tì onírọ́bà lé e, ó dé fìlà bo etí, ó sì sáré wọ Burgess Park nínú òkùnkùn. Tí oṣù Kọkànlá bá ti dé àárín, aago méje máa ń kọjá kí oòrùn London tó yọ. Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń tú àpò ìdọ̀tí nìkan ló rí i.

Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn dáadáa á rò pé ẹ̀ṣẹ́ ló le jù níbẹ̀. Oúnjẹ ni. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó bá jẹ́ Yorùbá, tó tún wá ń gbé gúúsù London, wàhálà rẹ̀ pọ̀, torí kò sí Sátidé tí wọn kì í sọmọ lórúkọ, tí wọn kì í ṣègbéyàwó, tí ẹnì kan kì í ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ní Peckham tàbí Thamesmead. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó jókòó síbi ìsọmọlórúkọ kan, ó ní ẹ̀fọ́ àti ẹja nìkan ni kí wọ́n bù fún òun. Ìyá tó ń bu oúnjẹ wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní ṣé ara ọkọ rẹ̀ yá? Ìyàwó ní, “Ara rẹ̀ yá, Mà. Orí rẹ̀ ni ò pé.”

Nígbà tó fi máa padà dé, òógùn ti mú ìdajì kílò lọ. 71.1. Ó jẹ ẹyin sísè kan, ó fi omi ra ẹnu, ó sì tu púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù.

6:45 àárọ̀

Lókè bọ́ọ̀sì, gbogbo ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ló ń wo fídíò kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń wọn Tyson àti Paul ní Texas lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Tyson, tí kò wọ̀ ju pátá lọ, fọ́ Paul létí. London ti sùn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ìgbátí náà ti ṣáájú gbogbo ènìyàn jí.

Ibi tí bọ́ọ̀sì gbé ń rìn yìí ni kí n ti sọ bí Tísà ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ìwé girama kan ní Ìbàdàn ló ti ń kọ́ ìṣirò. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tísà láti Nàìjíríà tó bá fẹ́ kí wọ́n kà á sí tísà kíkún ní England fẹ́rẹ̀ẹ́ ní láti tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún yẹn, ìjọba ibẹ̀ fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí tísà wọn lè fi ìwé-ẹ̀rí tó ti ní nílé béèrè fún QTS, ìyẹn ipò tísà kíkún. Ghana, India, Jamaica, South Africa àti Zimbabwe wà lára wọn. Ààlà wà nínú rẹ̀: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè nìkan, fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Tísà gba lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn tísà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó kó gbogbo ìwé jọ, ó sì ń bọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ò sí nínú ohun tó bá wá. Òtútù ọdún àkọ́kọ́ ló gbé e wọ jíìmù, ó ní òun gbọ́ agogo lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin kan nígbà tóun ń ti iṣẹ́ bọ̀, ibi tóun sì ti rí iná àti ènìyàn ni òun yà sí.

8:20 àárọ̀

Ó dúró sẹ́nu géètì nínú jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán, ó ń kí àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọjọ́ Children in Need ni, ọjọ́ tí BBC máa ń kó owó jọ fún àwọn ọmọdé. Pọ́n-ùn kan ni akẹ́kọ̀ọ́ máa san kó tó lè wọ aṣọ ilé wá. Ẹni tó wọ aṣọ Tyson pọ̀ níbẹ̀.

“Sà, ṣé ẹ rí ìgbátí yẹn?”

“Sà, ta ló máa borí?”

“Sà, ó sàn fún Tyson ju ọmọ ìlú yín lọ, àbí?”

Ọmọ ìlú yín yẹn, Anthony Joshua ni, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Daniel Dubois lù ú ṣubú ní Wembley, ráùndì karùn-ún ò sì parí. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo tísà Nàìjíríà tó wà ní London ti ń gba ìyà náà lẹ́nu ọmọdé. Tísà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọmọ náà fi fóònù sápò. Àwọn ọmọ ò mọ̀ pé ó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀, torí Tísà ti lọ sọ fún un fúnra rẹ̀ kó tó gba ìjà àkọ́kọ́. Fisà Skilled Worker tó fi wà nílùú so ó mọ́ ilé-ìwé yìí. Bí iṣẹ́ bá bọ́, nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti rí ẹlòmíràn tó máa gbani tàbí kéèyàn kẹ́rù. Ẹni tó wà nípò bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú wíwú ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

8:50 àárọ̀

Year 8. Orí pátákó, ó kọ 58, ó kọ 27, kò sì sọ nǹkan kan. Kíláàsì pa lọ́lọ́, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ aṣọ ilé. Ó ní, “Ọdún mélòó sí i ni ọjọ́ orí Tyson máa fi jẹ́ ìlọ́po méjì ti Paul gẹ́lẹ́?” Àwọn kan pariwo pé ó ti jẹ́ ìlọ́po méjì tẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe é kó rí i. Ìlọ́po méjì 27 jẹ́ 54, Tyson sì ti fi mẹ́rin kọjá ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló kọ́kọ́ rí i: ọdún mẹ́rin sí i, nígbà tí Tyson bá pé 62, tí Paul pé 31. Bí Tísà ṣe ń sọ èyí fún mi lálẹ́, pẹ̀lú ètè tó wú, inú rẹ̀ dùn sí i ju ohunkóhun tó ṣe nínú ríìngì lọ.

10:55 àárọ̀

Ìsinmi. Òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin Year 10 méjì ń ṣe Tyson àti Paul, èyí tó ń ṣe Paul sì ti gba ìgbátí tó ju ti eré lọ. Tísà là wọ́n, ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí olórí kíláàsì wọn pé wọ́n ń bára wọn jà. Mo bi í bóyá kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá, torí kò sí dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sí ẹni tó wọn àwọn ọmọ náà.

11:42 àárọ̀

Àtẹ̀jíṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n: *Ọmọ yẹn ti yẹ̀ ẹ́ o. Ó ní ara òun ò yá.*

Ẹ̀gbọ́n ni kọ́ọ̀ṣì. Mushin ni wọ́n bí i sí, ó kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ nílùú Èkó, bọ́ọ̀sì ló ń wà ní London báyìí. Irú ìròyìn tó fi ránṣẹ́ yìí ló pọ̀ jù nínú ìgbésí ayé àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ láìgbowó. Ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà múra dè á ní òtútù mú òun, tàbí kí káàdì rẹ̀ má pé, tàbí kó sanra. Ẹni tó sì máa rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe ẹni téèyàn ń kó lójú títì: ó gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n kan náà, iye ìjà tó wà nínú káàdì àwọn méjèèjì ò sì gbọdọ̀ jìnnà síra. Fún ẹni tí ebi ti ń pa láti ọjọ́ mẹ́ta, ìròyìn náà burú. Bí ìjà ò bá sí, òfo ni ebi yẹn.

12:50 ọ̀sán

Àwọn tísà ti gbé kéèkì jọ sórí tábìlì yàrá wọn, wọ́n ń tà á fún Children in Need. Tísà san pọ́n-ùn méjì, kò mú kéèkì. Wọ́n rò pé inúure ni.

Ibẹ̀ ló wà tí ìyá rẹ̀ fi pè é láti Ìbàdàn lórí WhatsApp. Aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu méjì lọ́dọ̀ tiwọn.

“Ẹ kú ọ̀sán, Mà.”

“Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Mà.”

“Kí lo jẹ?”

Ó wo tábìlì. Ó ní, “Kéèkì ni, Mà.”

“Kéèkì! Ṣé ìyẹn loúnjẹ? Ìyàwó rẹ kì í se nǹkan fún ọ ni?” Ó wá gbàdúrà fún un fún ìgbà pípẹ́, pé ọwọ́ ọ̀tá ò ní tó o. Àmín ni Tísà ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀ pé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ ẹnì kan fẹ́ tó o.

Ìṣẹ́jú ogún tó kù, ó lò ó lórí ìwé ìgbélùú. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn káàdì BRP máa parí, oníkálùkù sì ní láti ṣí àkáǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè ní eVisa. Ó ya àwòrán ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí fóònù tó gbà á. Ó ní òun dúpẹ́ pé òun rántí yà á ṣáájú ìjà. Owó ìtọ́jú ìlera tí àjèjì ń san lórí fisà ti di 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún àgbàlagbà kan láti oṣù Kejì ọdún 2024. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ní láti ronú lórí ìyẹn kí wọ́n tó tún fisà ṣe. Ẹ wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ ló máa bà á lẹ́rù.

2:20 ọ̀sán

Year 11 ń ṣe ìdánwò kékeré. Fóònù mì nínú àpò rẹ̀. Tísà ò mú un jáde títí agogo fi lù, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. *Mo ti rí ẹnì kan. Ọmọ ọdún 22. Kílò 72 àti díẹ̀. Ó ga o. Ṣé o gbà?*

Ó dá a lóhùn pé: *Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, Ẹ̀gbọ́n.*

3:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ̀ dúró ní òpópónà kejì sí ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ má bàa rí àpò ìjà. Old Kent Road ni wọ́n gbà, sún díẹ̀, dúró díẹ̀, láàárín ọjà àwọn ènìyàn wa, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ènìyàn wa, àti ọkọ̀ àwọn ènìyàn wa tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Wọ́n kọjá níwájú ilé tí wọ́n ń pè ní Thomas à Becket. Òkè ilé náà ni Henry Cooper ti ń gbára dì, Cooper yẹn tó lu Cassius Clay ṣubú ní Wembley lọ́dún 1963, kí Clay tó dìde, kó sì borí. Kò sí ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n máa gbabẹ̀ kọjá tí kò ní tọ́ka sí i.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì ló tún un sọ fún mi, kò sì bára mu pátápátá. Èyí tó bára mu ni ti Nojeem Maiyegun. Ọmọ Èkó ni, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, bàbà, ní Tokyo lọ́dún 1964. Ó kú ní Vienna lóṣù Kẹjọ ọdún 2024 yẹn gan-an, lẹ́ni ọdún 83. Kílò 71 ni ìwọ̀n tí Maiyegun fi jà ní Tokyo. Ẹ̀gbọ́n ní kí Tísà rántí ìyẹn nígbà tébi bá ń pa á. Tísà ní ebi ò jẹ́ kóun rántí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n tún bọ́ sórí Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Nàìjíríà mìíràn, tó wá sí Liverpool lọ́dún 1955, tó pàdánù ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì wá di ọ̀gá àgbáyé lọ́dún 1962. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Ìbàdàn ni Tiger ti gbèjà oyè yẹn, ó lu Gene Fullmer ní Liberty Stadium, pápá tí wọ́n ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè báyìí. Ibi tí Tísà ti dàgbà ò jìnnà sí ògiri pápá náà. Bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀ pé wọ́n ń gbá níbẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó kúrò ní London.

5:25 ìrọ̀lẹ́

Ibí ni mo ti bá wọn. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ni, ilé ọtí níwájú, ríìngì láàárín, tábìlì olóúnjẹ yí i ká. Wọ́n ń wọn ènìyàn ní ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo bíà. Tísà bọ́ aṣọ. 70.8. Ọmọ tó rọ́pò ti gorí òṣùwọ̀n kó tó dé: 72.3. Àwọn kọ́ọ̀ṣì méjèèjì wojú ara wọn, wọ́n bọwọ́.

Dókítà gbé iná sójú rẹ̀, ó tẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo káàdì bóyá ẹnikẹ́ni ti lù ú dákú láìpẹ́ yìí. Bí wọ́n bá lu ènìyàn dákú, ó kéré tán nǹkan bí oṣù kan ni kò ní fẹsẹ̀ tẹ ríìngì mọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀. Alábòójútó kan yẹ ike eyín rẹ̀ wò: kò gbọdọ̀ pupa, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Irùngbọ̀n Tísà kún, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan sí i. Títí di ọdún 2018, England Boxing, àjọ tó ń darí irú ìjà yìí, ò gbà á láyè. Ẹ̀gbọ́n sọ pé láyé òun, ẹni tó bá gbé irùngbọ̀n wá á fá a níbẹ̀, pẹ̀lú omi tútù àti abẹ ẹlòmíràn.

Bí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán, ó mu lítà omi kan, ó jẹ ìrẹsì àti adìyẹ tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un nínú ike. Mi ò tíì rí ẹni tó jẹ ìrẹsì tútù pẹ̀lú ìfẹ́ báyẹn rí.

7:15 alẹ́

Ìjà mẹ́tàlá ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà, tirẹ̀ ni ìkọkànlá. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ jà, pẹ̀lú akoto lórí. Tísà jókòó sórí àga kan ní yàrá ẹ̀yìn, ó mú ìwé ìdánwò Year 11 jáde, ó ń fi bírò pupa máàkì í. Ẹni tó jókòó tì í ń fo okùn. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire lóde, wọ́n ń pín ẹran. Mo bi í léèrè kí ló ń wá níbi yìí gan-an, ẹni ọdún 33, tó ní ìyàwó, tó níṣẹ́. Ó ní ọmọ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ló ń wo òun lójúmọ́, òun sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí oníkálùkù ń rò. Nínú ríìngì, ẹnì kan ṣoṣo ni, ó sì dájú pé òun mọ ohun tó ń rò. Ó padà sórí ìwé rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ọpọlọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lù. Mo sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Ó ní òótọ́ ni.

9:41 alẹ́

Wọ́n pè é sí igun búlúù, igun àlejò. Ìbọ̀wọ́ owúùnsì 12. Ọmọ tó wà ní igun pupa ga jù ú lọ, apá rẹ̀ gùn, wọ́n kéde orúkọ kan tí òyìnbó tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ fọ́ yánkanyànkan débi pé a ò gbọ́ ohun tó jẹ́.

Ráùndì kìíní, ẹ̀ṣẹ́ òsì ọmọ náà ò jẹ́ kí Tísà sún mọ́ ọn. Tísà dúró gbọnin bí ẹni tó ń dúró kí kíláàsì dákẹ́, kíláàsì náà ò sì dákẹ́. Imú rẹ̀ pọ́n. Ìṣẹ́jú méjì tán.

Lórí àga igun, Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé ìhà ọ̀tún ọmọ náà ń ṣí sílẹ̀. Òfin ò fẹ́ kí kọ́ọ̀ṣì máa darí ìjà láti ìsàlẹ̀ nígbà tí ráùndì bá ń lọ, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni Ẹ̀gbọ́n fi máa ń ṣe tirẹ̀, rẹfirí á sì rò pé àdúrà ló ń gbà. Ráùndì kejì bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ké pé, “Ìhà ọ̀tún! Ìhà ọ̀tún rẹ̀!” Ọmọ náà sọ ìgúnpá ọ̀tún kalẹ̀, ó bo ìhà náà. Ẹ̀gbọ́n ké pé, “Orí! Orí ló kù!” Ọmọ náà gbé ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi, ó ní ọmọ yìí ní ojú o. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí ohùn obìnrin kan fi là láti tábìlì tó wà lẹ́yìn igun pupa:

“Má jẹ́ kó mí! Gbá a! Gbá a níkùn!”

Ẹnu Ẹ̀gbọ́n ò padé. Ọmọ tó wà ní igun pupa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ike eyín lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì, rẹfirí sì kìlọ̀ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ló bá dákẹ́.

Bóyá ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ṣe Tísà lóore. Ó ní òun ti ń kà á láti ráùndì kìíní: ẹ̀ṣẹ́ òsì méjì ni ọmọ náà máa ń jù, á wá yẹ̀ sí òsì. Nígbà tó tún ju méjì, Tísà ò wo ibi tó wà, ibi tó ń yẹ̀ sí ló ju ọwọ́ ọ̀tún sí. Ó bá a ní àgbọ̀n. Ẹsẹ̀ ọmọ náà gbọ̀n, rẹfirí dá wọn dúró, ó kà á dé mẹ́jọ. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Tábìlì yẹn nìkan ló jókòó.

Ráùndì kẹta, ebi ọjọ́ mẹ́ta gba owó rẹ̀. Ìrẹsì wákàtí mẹ́rin ò lè san án. Tísà ń lọ síwájú ṣáá, ó ń ju ẹ̀ṣẹ́ tó pọ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn ń bọ́ sórí apá. Ọmọ náà ń fà sẹ́yìn, ó ń ju ẹyọ kan, ẹyọ kan sì ń bà. Agogo lù. Wọ́n dì mọ́ra.

Adájọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan fún búlúù, ẹni méjì fún pupa. Rẹfirí gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè. Kí ọwọ́ náà tó sọ̀kalẹ̀ dáadáa, ọmọ náà yíjú sí Tísà, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ríìngì. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.” Peckham ni wọ́n bí i sí, ìró ohùn rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé.

10:25 alẹ́

Dókítà ti tún wò ó, ó ti buwọ́ lu káàdì. Obìnrin tábìlì yẹn ló wá bá wa ní yàrá ẹ̀yìn, ó gbé kúlà jọ́lọ́ọ̀fù dání.

“Ìwọ ni mo ní kí wọ́n gbá yẹn? Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Ìbàdàn ni, Mà.”

“Ìbàdàn! Kí lò ń ṣe níbí?”

“Tísà ni mí, Mà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn.”

Obìnrin náà gbé kúlà sílẹ̀. “Ẹ̀yin ni tísà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ẹ jókòó, ẹ jẹun.” Ó béèrè bóyá Tísà máa ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, torí àbúrò ọmọ òun fẹ́ ṣe ìdánwò GCSE. Wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ò bá wọn dá sí i, ó ń bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ sọ pé wọ́n ja àwọn lólè.

12:40 òru

Ilé. Ìyàwó rẹ̀ ti tún lọ síṣẹ́ òru, ó fi yìnyín sílẹ̀ nínú fìríìjì pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí Tísà ò jẹ́ kí n kà. Ó fi yìnyín sí ètè, a jókòó de Tyson. A wo Katie Taylor àti Amanda Serrano, àwọn obìnrin méjì tí ìjà wọn dára ju gbogbo ohun mìíràn tó wáyé lálẹ́ ọjọ́ náà lọ, títí kan èyí tí mo rí ní Kent. Tísà sùn lọ lórí àga kí Tyson tó jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ráùndì kẹjọ, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, èmi nìkan ló ń wò ó. Àwọn adájọ́ mẹ́ta gbà pé Paul ló borí, 80 sí 72 lọ́dọ̀ ẹnì kan, 79 sí 73 lọ́dọ̀ àwọn méjì yòókù. Tyson fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹ̀ṣẹ́ kankan ní ìparí.

Ní ti ìjà Kent, Ẹ̀gbọ́n ṣì ń jà á títí dòní. Mo ti wo fídíò náà, mo tún un wò, mo sì fi máàkì sí i fúnra mi. Ọmọ náà ló ni ráùndì kìíní, Tísà ló ni ìkejì. Nínú ìkẹta, Tísà ló ju ẹ̀ṣẹ́ tó pọ̀ jù, ọmọ náà ló ju èyí tó bà. Àwọn adájọ́ méjì yẹn ríran dáadáa.